Ìtàn Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn Àwọn Ológun Tó Farapa ní Amẹ́ríkà

Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọmọ-ogun tó bá farapa tàbí tó bá kó àìsàn lẹ́nu iṣẹ́ ológun lẹ́tọ̀ọ́ sí owó oṣooṣù lọ́wọ́ ìjọba níwọ̀n ìgbà tí ìpalára náà bá ṣì wà lára rẹ̀. Òfin ló fún un ní ẹ̀tọ́ yìí, kì í ṣe ojú àánú. Ṣùgbọ́n kí owó náà tó jáde, òṣìṣẹ́ ìjọba kan gbọ́dọ̀ gbà pé òótọ́ ni ìpalára náà wà, pé iṣẹ́ ogun ló fà á, kó sì sọ bó ṣe pọ̀ tó. Bí òṣìṣẹ́ náà bá kọ̀, tàbí tó fún un ní ohun tí kò tó, ẹni tó farapa lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ohun mẹ́ta ló lè ti ibẹ̀ jáde: wọ́n lè dá a láre, wọ́n lè fọwọ́ sí ìpinnu àkọ́kọ́, wọ́n sì lè dá ẹjọ́ náà padà sí ọ́fíìsì tó ti wá pé kí wọ́n lọ tún un ṣe.

Fún nǹkan bí igba ọdún, inú ọ́fíìsì ìjọba nìkan ni irú ẹjọ́ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ń parí sí. Adájọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ní àyè láti yẹ iṣẹ́ ọ́fíìsì náà wò. Nígbà tí ilé ẹjọ́ wá dé níkẹyìn, àṣẹ pé kí wọ́n lọ tún ẹjọ́ ṣe ló di ohun ìjà tó lágbára jù lọ́wọ́ ológun. Àṣẹ yìí kan náà ló sì tún di ohun tó ń dá a dúró jù lójú ọ̀nà.

Ìlérí àkọ́kọ́

Ìlérí pé ìlú kò ní í pa ẹni tó jà fún un tì ti wà kí Amẹ́ríkà tó di orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 1636, àwọn òyìnbó tó tẹ̀dó sí Plymouth ṣòfin pé ẹni tí wọ́n bá rán lọ sójú ogun, tó sì padà wá ní aláàbọ̀ ara, ìlú ni yóò máa bọ́ ọ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 1776, nígbà tí kò tíì pé oṣù méjì tí wọ́n kéde òmìnira, ìgbìmọ̀ aṣòfin àwọn ìpínlẹ̀ ṣèlérí ìdajì owó oṣù fún ẹni tó bá pàdánù apá tàbí ẹsẹ̀, tàbí tó bá farapa débi tí kò fi lè ṣiṣẹ́ jẹun mọ́. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ náà kò lówó lọ́wọ́. Àwọn ìpínlẹ̀ ló gbé ẹrù náà lé lórí, ibi tí ìpínlẹ̀ kò bá sì ti rí owó san, ọwọ́ òfìfo ni ológun ń mú lọ sílé. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1789, ó gba ẹrù náà sí ọrùn ara rẹ̀.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wàhálà lórí ẹni tó yẹ kó dá ẹjọ́ ológun bẹ̀rẹ̀. Òfin tó jáde ní oṣù Kẹta ọdún 1792 ní kí àwọn adájọ́ ìjọba àpapọ̀ máa yẹ ọgbẹ́ àwọn ológun wò, kí wọ́n kọ iye tó yẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí Mínísítà Ogun. Òfin yìí kan náà fún mínísítà láṣẹ láti má ṣe kọ orúkọ ẹni tí adájọ́ ti fọwọ́ sí, bó bá fura pé ẹ̀tàn tàbí àṣìṣe wà níbẹ̀. Nígbà tí ìwé ìbéèrè ológun kan, William Hayburn, dé iwájú àwọn adájọ́ James Wilson, John Blair àti Richard Peters ní Philadelphia, wọ́n kọ̀, wọn kò gbọ́ ọ. Wọ́n kọ̀wé sí Ààrẹ George Washington pé bí mínísítà bá lè yí ohun tí adájọ́ dá padà, a jẹ́ pé ilé ẹjọ́ kì í ṣe ilé ẹjọ́ mọ́. Ní New York, John Jay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ìṣòro kan náà, ṣùgbọ́n nítorí ọ̀wọ̀ tí wọ́n ní fún àwọn ológun, wọ́n gbà láti ṣe iṣẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí aṣojú lásán, láìjẹ́ pé ilé ẹjọ́ ló jókòó.

Kí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tó sọ tirẹ̀, Ilé Aṣòfin ti yí òfin náà padà ní oṣù Kejì ọdún 1793. Òfin tuntun ní kí wọ́n kàn máa gba ẹ̀rí sílẹ̀, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sókè, ìpinnu kò sí lọ́wọ́ ilé ẹjọ́ mọ́. Àwọn amòfin Amẹ́ríkà ṣì ń tọ́ka sí ẹjọ́ Hayburn títí di òní gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀ òmìnira ilé ẹjọ́. Ìdúróṣinṣin àwọn adájọ́ wọ̀nyẹn tọ́. Síbẹ̀, ohun tó ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ fún àwọn ológun ni pé adájọ́ kúrò lọ́ràn owó ìpalára, ó sì pẹ́ gan-an kó tó padà wá.

Lẹ́yìn Ogun Abẹ́lé

Ní 1833, ìjọba dá ọ́fíìsì pàtàkì kan sílẹ̀ fún owó àwọn ológun, wọ́n sì gbé e lọ sábẹ́ iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé ní 1849. Ogun Abẹ́lé tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1861 ló sọ ọ́fíìsì kékeré yẹn di ńlá. Òfin ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 1862 ṣètò dọ́là 8 lóṣù fún ọmọ-ogun lásán tí kò lè ṣiṣẹ́ rárá mọ́, àti dọ́là 30 fún ọ̀gágun tó wà nípò gíga. Ẹni tí ìpalára rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ a gba ìdá kan nínú rẹ̀. Nígbà tó yá, ìwé pọ̀ débi pé wọ́n ní láti kọ́ ilé tuntun fún ọ́fíìsì náà ní Washington láàárín 1882 sí 1887. Bíríkì tó ju mílíọ̀nù 15 lọ ni Ọ̀gágun Montgomery Meigs fi kọ́ ọ.

Ológun tó bá fẹ́ owó ní láti fi ẹ̀rí ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Ó ní láti wá ọ̀gá tó bá a jagun tàbí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọn yóò búra pé àwọn rí i nígbà tó farapa, yóò sì bọ́ aṣọ níwájú àwọn dókítà tí ìjọba yàn. Bí ọ̀gá ọ́fíìsì náà bá kọ̀ ọ́, ó lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ sọ́dọ̀ Mínísítà Ọ̀rọ̀ Abẹ́lé, níbi tí àwọn igbákejì mínísítà àti àwọn amòfin rẹ̀ ti ń ka ìwé náà tún. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn ìdájọ́ wọ̀nyí sínú ìwé, kí ọ́fíìsì lè máa tẹ̀ lé ohun tí wọ́n ti dá ṣáájú. Ẹni tí mínísítà náà bá kọ̀, Ilé Aṣòfin nìkan ló kù fún un: aṣòfin àdúgbò rẹ̀ lè gbé àbádòfin kalẹ̀ ní orúkọ ológun náà nìkan. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú àbádòfin bẹ́ẹ̀ ló ń kọjá lọ́dọọdún. Ààrẹ Grover Cleveland kọ̀ láti buwọ́ lu èyí tó ju 200 lọ nínú wọn, ó ní púpọ̀ nínú àwọn tó ń béèrè kò farapa lójú ogun. Inú bí ẹgbẹ́ àwọn ológun, Grand Army of the Republic, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1866, ọ̀rọ̀ náà sì di ọ̀ràn ìbò. Ní 1890, òfin tuntun jáde pé ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ogun fún 90 ọjọ́, tí ara rẹ̀ kò sì lè ṣiṣẹ́ mọ́, lè gbowó, kódà bí ìpalára náà kò bá ti ojú ogun wá.

Nínú gbogbo èyí, àwọn ọmọ-ogun aláwọ̀ dúdú ni ìyà ẹ̀rí jẹ jù. Nǹkan bí 180,000 wọn ló jà fún ìjọba àpapọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n bí sínú oko ẹrú, tí wọn kò ní ìwé ọjọ́ ìbí tàbí ìwé ìgbéyàwó, tí wọ́n sì ti pa orúkọ tí olówó wọn fún wọn dà. Ọ́fíìsì a sì máa béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni tí òfin kò gbà láyè rí láti níwèé.

Ohun tójú Harriet Tubman rí fi èyí hàn. Nígbà ogun, ó tọ́jú àwọn aláìsàn, ó sì ṣe amí fún ìjọba àpapọ̀ ní South Carolina. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1863, ó wà lára àwọn tó ṣíwájú ìkọlù ojú odò Combahee, níbi tí àwọn ẹrú tó lé ní 700 ti gba òmìnira. Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ọmọ-ogun, nítorí náà kò sí owó. Ọkọ rẹ̀ Nelson Davis, tí òun náà jagun, kú ní 1888. Tubman béèrè owó opó, ó sì ní láti fi ẹ̀rí hàn pé òun ni ìyàwó rẹ̀ lóòótọ́. Ọdún 1895 ni dọ́là 8 lóṣù tó jáde fún un. Ní 1899, Ilé Aṣòfin sọ ọ́ di dọ́là 20 nítorí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó ṣe. Nígbà náà, ó ti lé ní ọdún 30 tí ogun ti parí. Iṣẹ́ amí rẹ̀ kò wọ inú ìṣirò náà.

Ohun mìíràn tó ti ìgbà yẹn wá ni iye tí agbẹjọ́rò lè gbà. Nítorí àwọn gbájú-ẹ̀ tó ń jẹ owó ológun, òfin 1864 sọ pé agbẹjọ́rò kò gbọ́dọ̀ gba ju dọ́là 10 lọ lórí ẹjọ́ kan. Nígbà náà, ààbò ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún tó lé ní 120, dọ́là 10 yẹn ṣì wà nínú òfin, bí owó sì ṣe ń dínyì lọ, ó di odi tó ya ológun nípá sí agbẹjọ́rò.

Ìgbìmọ̀ dé, ilé ẹjọ́ kò dé

Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní mú ètò tuntun wá. Òfin ọdún 1917 ṣètò owó ìpalára pẹ̀lú ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ fún àwọn tó farapa. Ní 1921, wọ́n kó àwọn ọ́fíìsì tó wà káàkiri pọ̀ sábẹ́ iléeṣẹ́ kan, ṣùgbọ́n ọ̀gá àkọ́kọ́ ibẹ̀, Charles R. Forbes, lu ìjọba ní jìbìtì, ó sì fẹ̀wọ̀n jura. Ní 1930, Ààrẹ Herbert Hoover kó gbogbo ọ̀rọ̀ ológun fẹ̀yìntì jọ sábẹ́ iléeṣẹ́ kan ṣoṣo.

Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, Ààrẹ Franklin Roosevelt buwọ́ lu òfin ìdínkù ìnáwó ní oṣù Kẹta ọdún 1933. Òfin yìí gé owó ọ̀pọ̀ ológun, ó sì ti ilẹ̀kùn ilé ẹjọ́ mọ́ wọn pátápátá: ìpinnu iléeṣẹ́ náà lórí owó ìpalára kò ní í ṣeé gbé lọ sílé ẹjọ́ kankan. Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún náà, Roosevelt fi àṣẹ dá Ìgbìmọ̀ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn Àwọn Ológun sílẹ̀ ní Washington, kó lè máa gbọ́ ẹjọ́ láti gbogbo ọ́fíìsì ẹkùn. Bí ìgbìmọ̀ náà bá ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ parí. Inú iléeṣẹ́ kan náà ni ẹni tó kọ owó, ẹni tó gbọ́ ẹ̀hónú àti ẹni tó dájọ́ wà.

Lẹ́yìn náà ni ìwé ìdíwọ̀n ìpalára ọdún 1945 dé, tí wọ́n ṣì ń lò pẹ̀lú àtúnṣe títí di òní. Ìwé náà fún ìpalára kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n láti 0 dé 100 nínú ọgọ́rùn-ún, mẹ́wàá-mẹ́wàá. Bí ìpalára bá ju ẹyọ kan lọ, wọn kì í kàn ro wọ́n pọ̀. Ẹni tí wọ́n fún ní 50 fún ẹ̀yìn àti 30 fún orúnkún kò ní 80. Wọ́n a kọ́kọ́ yọ 50 kúrò lára 100, a ṣẹ́ ku 50. Wọ́n a wá mú 30 nínú ọgọ́rùn-ún ìyókù yẹn, ìyẹn 15. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 65, wọ́n a sì sún un sí 70. Ìwọ̀n ni owó ń tẹ̀ lé, nítorí náà ọ̀pọ̀ ẹjọ́ kì í ṣe lórí bóyá ológun farapa, bí kò ṣe lórí ìwọ̀n tí wọ́n fún un.

Ìbínú àwọn tó ti Vietnam dé

Ọ̀ràn méjì ló jẹ́ kí ìdákẹ́ ilé ẹjọ́ di ohun tí kò ṣeé fara dà mọ́. Èkíní ni iná. Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 1973, iná jó ilé ìkówèésí àwọn ológun nítòsí St. Louis. Fáìlì tó tó mílíọ̀nù 16 sí 18 ló ṣègbé. Nǹkan bí 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìwé àwọn ọmọ-ogun orí ilẹ̀ tó fẹ̀yìntì láàárín 1912 sí 1960 lọ sí i, wọn kò sì ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ológun tó jà ní Ogun Àgbáyé Kejì àti ní Kòríà kò lè fi ìwé ọsíbítù ojú ogun hàn mọ́, ìjọba tó sọ ìwé náà nù ló sì ń bi wọ́n léèrè ẹ̀rí.

Èkejì ni májèlé. Láàárín 1962 sí 1971, ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà fọ́n oògùn apagi, tí èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú rẹ̀ ń jẹ́ Agent Orange, sórí igbó Vietnam. Nígbà tí àwọn ológun bẹ̀rẹ̀ sí í ní àrùn jẹjẹrẹ àti àìsàn ara mìíràn, iléeṣẹ́ náà ń kọ ìwé wọn padà pé kò sí ẹ̀rí pé oògùn náà ló fà á. Bákan náà ló rí fún àwọn tí wọ́n kó lọ wo àdánwò bọ́ǹbù átọ́míìkì. Àwọn wọ̀nyí lọ sílé ẹjọ́ pé dọ́là 10 àtijọ́ yẹn kò jẹ́ káwọn rí agbẹjọ́rò gbà, àti pé ìyẹn ta ko òfin ilẹ̀. Ní 1985, nínú ẹjọ́ Walters, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ìjọba láre. Ó ní ètò tó wà nílẹ̀ kì í ṣe ìjà, pé iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ àwọn ológun ń ran ẹni tó ń béèrè lọ́wọ́.

Ibi tí ilé ẹjọ́ gbé ọ̀rọ̀ sí, Ilé Aṣòfin gbé e kúrò níbẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1988, Ààrẹ Ronald Reagan buwọ́ lu òfin tó dá ilé ẹjọ́ pàtàkì sílẹ̀ fún àwọn ológun fẹ̀yìntì, tó sì mú òfin dọ́là 10 kúrò. Ní 1989, ilé ẹjọ́ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Washington pẹ̀lú Frank Nebeker gẹ́gẹ́ bí adájọ́ àgbà rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọdún yẹn náà ni iléeṣẹ́ ológun fẹ̀yìntì ní mínísítà tirẹ̀. Láti 1992, bí ológun bá borí, tí kò sì sí ìdí gúnmọ́ tí ìjọba fi bá a jà, ìjọba ni yóò san owó agbẹjọ́rò rẹ̀.

Ìdí tí ilé ẹjọ́ fi ń dá ẹjọ́ padà

Ilé ẹjọ́ tuntun yìí kì í gba ẹ̀rí tuntun, kì í sì í yẹ ara ẹnikẹ́ni wò. Fáìlì tó wà níwájú ìgbìmọ̀ nìkan ló ń kà, kó lè mọ̀ bóyá wọ́n tẹ̀ lé òfin. Bó bá rí àṣìṣe, kò lè gbapò ìgbìmọ̀ kó máa wọn ẹ̀rí fúnra rẹ̀. Ohun tó sábà máa ń ṣe ni kó wó ìpinnu náà, kó sì dá a padà. Láti ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ìdájọ́ mélòó kan ló sì fi ìdí iṣẹ́ náà múlẹ̀.

Nínú ẹjọ́ Gilbert ní 1990, ó sọ ohun méjì. Ìkíní ni pé bí ẹ̀rí tó gbe ológun àti ẹ̀rí tó ta kò ó bá dọ́gba, ológun ló gbọ́dọ̀ borí. Ìkejì ni pé ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ sọ ìdí tó fi gba ẹ̀rí kan gbọ́ tó sì kọ òmíràn, kó sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ tí ológun fúnra rẹ̀ lè lóye. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, nínú ẹjọ́ Colvin, ó ní ìgbìmọ̀ kò gbọ́dọ̀ fi èrò ara rẹ̀ ṣe dókítà. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ìmọ̀ ìṣègùn, dókítà ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Nígbà tó di 1998, ẹjọ́ Stegall fi èyí tó ṣe kókó jù kún un: bí wọ́n bá dá ẹjọ́ padà pẹ̀lú àṣẹ, ẹ̀tọ́ ológun ni kí wọ́n mú gbogbo àṣẹ náà ṣẹ. Ọ́fíìsì tó bá fo ọ̀kan, ẹjọ́ náà yóò tún padà wá bá a. Ní ọdún 2000, Ilé Aṣòfin sọ ọ́ di òfin pé iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ bá ológun wá ìwé ọsíbítù rẹ̀, kó sì yẹ ara rẹ̀ wò nígbà tó bá yẹ.

A lè fi ọ̀rọ̀ etí ṣe àpẹẹrẹ, nítorí àìgbọ́ràn wà lára ìpalára tó wọ́pọ̀ jù. Ọmọ-ogun kan ti ṣiṣẹ́ ìbọn ńlá fún ọdún mẹ́rin. Ọjọ́ tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n dán etí rẹ̀ wò, kò sí àléébù. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, ó sì béèrè owó ìpalára. Dókítà iléeṣẹ́ kọ gbólóhùn kan ṣoṣo: etí rẹ̀ dára nígbà tó ń lọ, nítorí náà iṣẹ́ ogun kọ́ ló fà á. Ọ́fíìsì kọ̀ ọ́, ìgbìmọ̀ náà sì fọwọ́ sí i. Ní ilé ẹjọ́, ìwé náà kò dúró, nítorí láti ìgbà ẹjọ́ Hensley ní 1993 ni wọ́n ti là á kalẹ̀ pé etí tó dára lọ́jọ́ ìfẹ̀yìntì kò tó láti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni. Dókítà gbọ́dọ̀ sọ bí ariwo ìbọn ṣe lè ba etí jẹ́ tàbí bí kò ṣe lè bà á jẹ́, kó sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Nígbà tí ẹjọ́ náà bá padà, àṣẹ tó bá a dé a máa wà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú nọ́ńbà. Èkíní, ẹ wá ìwé ọsíbítù rẹ̀ tó kù. Èkejì, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kó ka fáìlì náà, kó sì dáhùn bóyá ó tó ìdajì sí ìdajì pé iṣẹ́ ogun ló fà á. Ẹ̀kẹta, ẹ tún ẹjọ́ náà dá. Ìdajì sí ìdajì yẹn ni gbogbo ìjà, nítorí ológun kò ní láti fi hàn pé ó dájú. Bó bá ti dọ́gba, ó ti borí.

Ìdádúró

Àṣẹ àtúnṣe tó ń dáàbò bo ológun ló tún ń jẹ àkókò rẹ̀. Lábẹ́ ètò tó wà kí àtúnṣe ọdún 2017 tó dé, fáìlì kì í tì. Ẹ̀rí tuntun lè wọlé nígbàkigbà. Bó bá sì ti wọlé, ọ́fíìsì a ní láti kọ àlàyé mìíràn, ológun a tún fèsì, a tún di ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀. Bí ìgbìmọ̀ bá rí i pé àyẹ̀wò dókítà ti pẹ́ jù, ó tún lè dá a padà fún òmíràn. Àwọn agbẹjọ́rò a máa fi wé kẹ̀kẹ́ inú àgò tí eku kékeré ń sá lórí rẹ̀ láìkúrò lójú kan. Ní 1994, Ilé Aṣòfin pàṣẹ pé kí wọ́n máa tètè bójú tó ẹjọ́ tó bá padà, ṣùgbọ́n òfin kò fi òṣìṣẹ́ kún òṣìṣẹ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2013, ìbéèrè tó ti lé ní 125 ọjọ́ lórí tábìlì kọjá 600,000. Bí iléeṣẹ́ ṣe ń kó ọwọ́ lé ìbéèrè tuntun láti dín in kù, àwọn ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ń ga sí i, wọ́n sì ti ju 400,000 lọ kí ó tó di 2017.

Wọ́n ní ẹni tó bá pẹ́ kó tó jẹun kì í jẹ ìbàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó kú sẹ́nu ìdúró kò jẹun rárá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ológun bá kú, ẹjọ́ rẹ̀ kú pẹ̀lú rẹ̀, opó rẹ̀ sì ní láti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òfin ọdún 2008 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kí aya tàbí ọmọ tó lẹ́tọ̀ọ́ dúró sípò olóògbé nínú ẹjọ́ náà, kó sì máa bá a lọ láti ibi tó dé.

Bákan náà, ọjọ́ gbèdéke a máa mú àwọn tí ara wọn kò dá. Ológun ní 120 ọjọ́ láti gbé ìpinnu ìgbìmọ̀ lọ sílé ẹjọ́. Ọkùnrin kan tó ṣiṣẹ́ ogun nígbà ogun Kòríà, tí àìsàn ọpọlọ tó kó lẹ́nu iṣẹ́ ogun ti sọ di aláìlera pátápátá, fi ọjọ́ 15 pẹ́. Àìsàn tó tìtorí rẹ̀ béèrè ìrànlọ́wọ́ gan-an ló sọ pé ó dá òun dúró. Ilé ẹjọ́ ológun lé ẹjọ́ náà jáde. Ní ọdún 2011, nínú ẹjọ́ Henderson v. Shinseki, gbogbo àwọn adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tó gbọ́ ọ fohùn ṣọ̀kan pé gbèdéke yìí kì í ṣe odi tí ilé ẹjọ́ kò lè fò, nítorí Ilé Aṣòfin dá ètò yìí sílẹ̀ láti gbe ológun. Ọkùnrin náà ti kú kí ìdájọ́ tó jáde. Ìyàwó rẹ̀ ló dúró sípò rẹ̀.

Àtúnṣe ọdún 2017 àti ohun tó tẹ̀ lé e

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, Ààrẹ Donald Trump buwọ́ lu òfin tó tún gbogbo ètò ẹjọ́ náà ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 2019. Ológun tí wọ́n kọ̀ ní ọ̀nà mẹ́ta báyìí. Ó lè ní kí òṣìṣẹ́ àgbà ka fáìlì kan náà tún láìsí ẹ̀rí tuntun. Ó lè mú ẹ̀rí tuntun tó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ náà wá. Ó sì lè lọ tààrà sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ní Washington, níbi tó ti lè yàn bóyá kí wọ́n kàn ka fáìlì, kí òun fi ẹ̀rí kún un, tàbí kí òun sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́.

Òfin náà ti fáìlì ní ọjọ́ tí ọ́fíìsì bá ti pinnu. Nítorí èyí, ìgbìmọ̀ kò tún lè máa dá ẹjọ́ padà torí pé nǹkan yí padà lẹ́yìn náà. Ìdí pàtàkì tí ìgbìmọ̀ fi ń dá a padà báyìí ni pé ọ́fíìsì kùnà láti wá ẹ̀rí tó yẹ kó wá ṣáájú ìpinnu rẹ̀. Ọjọ́ tí owó ti ń bẹ̀rẹ̀ náà ní ààbò tó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ológun bá ń yan ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà wọ̀nyí láàárín ọdún kan lẹ́yìn ìpinnu kọ̀ọ̀kan, owó àjẹsílẹ̀ rẹ̀ yóò máa ka láti ọjọ́ ìbéèrè àkọ́kọ́, kódà bí ẹjọ́ náà bá lọ tó sì bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́: ọdún kan tó bá kọjá láìṣe nǹkan a máa gbé ọjọ́ náà wá síwájú.

Apá kejì àtúnṣe ni pé kí ọ̀pọ̀ ẹjọ́ má ṣe wáyé rárá. Láti 1991, òfin ti gbà pé àwọn àìsàn kan lára ẹni tó jà ní Vietnam wá láti ọwọ́ Agent Orange, láìsí pé ó tún wá dókítà tó máa sọ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, Ààrẹ Joe Biden buwọ́ lu òfin tó fa irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó mí èéfín kòtò tí wọ́n ti ń sun pàǹtírí ní Iraq àti Afghanistan. Oríṣi àìsàn tó ju ogún lọ ló wọ inú rẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ti ṣí lọ sí Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ogun níbẹ̀ lóde òní, òfin wọ̀nyí sì kan àwọn náà àti ìdílé wọn bó ṣe kan ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀.

Ohun tí ẹjọ́ tó padà túmọ̀ sí fún ológun báyìí hàn kedere nínú ìtàn yìí. Kò tíì rí owó, wọn kò sì tíì kọ̀ ọ́. Ìpinnu tó ta kò ó ti wó. Ọjọ́ ìbéèrè rẹ̀ kò sọnù, ọ́fíìsì ní láti mú àṣẹ kọ̀ọ̀kan ṣẹ, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀ bó bá tún kọ̀. Iyèméjì tó bá sì kù lẹ́yìn gbogbo ẹ̀rí, ti ológun ni. Àwọn ẹ̀tọ́ wọ̀nyí ni Hayburn àti Tubman kò ní nígbà ayé wọn. Èyí tó kù fún ìjọba ni kí iṣẹ́ tí wọ́n dá padà tètè parí, kí ẹni tó ni ẹ̀tọ́ lè fi ojú ara rẹ̀ rí i.